Àfarawé Irin Gbígbóná Lórí Kọ̀ǹpútà

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ìṣirò ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ ń fi ojú mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo òpó tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, irú èyí tí ń kọjá ní GRA Ìlọrin níbí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, páànù irin tí èròjà boron díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Sweden ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀. Saab lò ó sára ọkọ̀ 9000 ní 1984. Wọn a mú páànù gbóná tó ìwọ̀n 900 sí 950 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí yóò fi pọ́n. Wọn a sì tẹ̀ ẹ́ láàárín irin ìtẹ̀ méjì tí omi tútù ń ṣàn nínú wọn. Bí ooru rẹ̀ bá ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 30 walẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí kan náà ni alágbẹ̀dẹ fi ń ri ẹnu àdá pípọ́n bọ omi.

Àwọ̀ irin ni alágbẹ̀dẹ ń wò. Kọ̀ǹpútà kò lójú. Nítorí náà, onímọ̀ ẹ̀rọ a pín páànù, nínú ìṣirò, sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé kéékèèké. Báwo ni ègé kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó? Agbára mélòó ni yóò tẹ̀ ẹ́? Ooru mélòó ni ó ń bọ́ sára irin ìtẹ̀? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìdáhùn ọ̀kan ń yí òmíràn padà. Ibi tí ó bá kọ́kọ́ kan irin ìtẹ̀ a tutù, a sì le. Ibi tí ó ṣì gbóná a máa fà, a máa fẹ́lẹ́, ó sì lè ya. Bí irin ti ń le, ara rẹ̀ ń wú díẹ̀, ó sì ń tú ooru sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣírò lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èrè ibẹ̀ ni pé a ó ti rí ibi tí yóò ya kí a tó gbẹ́ irin ìtẹ̀, tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí iye tí a fún kọ̀ǹpútà bá yẹ̀, ó lè ní òpó le níbi tí ó ti rọ̀, ẹni tí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣì fi ń gé òpó gidi yẹ̀ wò.

Ní ti èdè-ìperí, mo fara mọ́ “àfarawé” ju “àwòrán” lọ, nítorí ìṣe ni a ń farawé. “Rọ”, “tẹ̀” àti “pọ́n” kò ní wàhálà. “Le” ni ó ń fẹ́ àròjinlẹ̀: a ń lò ó fún ohun tí kò ṣeé họ, a tún ń lò ó fún ohun tí kì í tètè tẹ̀, bẹ́ẹ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mo dábàá “líle” fún ti àkọ́kọ́, “ìfaradà” fún èkejì, bí àwọn alágbẹ̀dẹ àgbà kò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ béèrè.