Nígbà Tí Ààbò Bá Ń Fa Kọ̀ǹpárátọ̀ Sẹ́yìn

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpárátọ̀ mọ̀ ní ṣíṣe. Ó ń fi iná méjì tó wọlé sí i wéra, ó ń wo èyí tí fóltì rẹ̀ ga jù, ó sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kọ̀ǹpárátọ̀ TLV3501 tí ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà ń ṣe máa ń fèsì láàárín nánósẹ́kọ́ńdì 4.5 tí iná kan bá fi mílífóltì 20 ju èkejì lọ. Bí ìyàtọ̀ náà bá kéré sí i, èsì á pẹ́ sí i.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó yára náà ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Àwọn tiransísítọ̀ inú rẹ̀ kéré jọjọ, wọn ò lè gba fóltì púpọ̀ sára. Fóltì 2.7 sí 5.5 ló ń lò. Kọ̀ǹpárátọ̀ LM393 àtijọ́ lè lo fóltì 36, ṣùgbọ́n ó lè ju máíkrósẹ́kọ́ńdì kan lọ kó tó fèsì sí ìyàtọ̀ kékeré.

Nínú TLV3501, dáyóòdù ló so ẹnu ọ̀nà àmì mọ́ iná tó ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí àmì bá fi bíi fóltì 0.3 ga ju iná yẹn lọ, tàbí tó fi bẹ́ẹ̀ lọ sábẹ́ òdo, dáyóòdù á ṣí, iná á sì máa gbabẹ̀ kọjá. Mílíáḿpù 10 ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ lè jó o.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì fóltì 12 láti ara mọ́tò, tó ń wọ kọ̀ǹpárátọ̀ tó ń lo fóltì 5. Tí a bá yọ 5.3 kúrò, ìyẹn fóltì 5 pẹ̀lú 0.3 tó lé lórí rẹ̀, ó ku 6.7. Rẹsísítọ̀ óòmù 1,000 á sọ iná tó ń wọlé di mílíáḿpù 6.7, ẹ̀mí kọ̀ǹpárátọ̀ á sì dè. Ká ní wọ́n tún fi dáyóòdù BAT54 méjì kún un fún ààbò, kapasítáǹsì ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó píkófáráàdì 10. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí iná tó ń gba rẹsísítọ̀ kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún kapasítáǹsì yìí kí fóltì tó lè yí padà. Nígbà tí àmì bá ń gòkè, á gbà tó nánósẹ́kọ́ńdì 5 kó tó dé fóltì 2.5 tí kọ̀ǹpárátọ̀ ń ṣọ́. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti 5.3, á tó 15. Ìdádúró méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà àmì tó jáde á gùn ju èyí tó wọlé lọ. Owó eré ni wọ́n san, ìjáfara ni wọ́n gbé délé.

Ó sàn kí rẹsísítọ̀ méjì ti dín fóltì 12 kù sí 4 kó tó débẹ̀ rárá, kí kapasítọ̀ kékeré tí a ṣírò dáadáa sì wà lára rẹsísítọ̀ ti òkè, èyí tí àmì ń gbà wọlé, kí àmì tó yára lè ráyè kọjá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá ọsilóskópù nìyẹn. Dáyóòdù tí kapasítáǹsì rẹ̀ kò ju píkófáráàdì kan lọ á wá wà fún àìròtẹ́lẹ̀ nìkan.

Àìsí iná náà léwu. Bí àmì bá ń wọlé nígbà tí kọ̀ǹpárátọ̀ kò ní iná, fóltì 0.3 péré ni ààlà. Kí ẹ tó fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ka abala Absolute Maximum Ratings nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi ọsilóskópù wo àmì ní ẹsẹ̀ kọ̀ǹpárátọ̀ gan-an, nígbà tí iná wà àti nígbà tí kò sí.