Ọ̀rọ̀ asopọ̀ nínú èdè Klingon

Ọ̀rọ̀ asopọ̀ nínú èdè Klingon ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń so ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí gbólóhùn pọ̀ nínú èdè náà. Klingon jẹ́ èdè àtọwọ́dá tí Marc Okrand, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ṣẹ̀dá fún àwọn fíìmù Star Trek. Ìwé rẹ̀, The Klingon Dictionary, jáde ní ọdún 1985.

Ọ̀wọ́ méjì ni àwọn ọ̀rọ̀ asopọ̀ náà, a kì í sì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Yorùbá pàápàá ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀: "àti" ń so ọ̀rọ̀ orúkọ pọ̀ (Adé àti Ọlá), "sì" ń so gbólóhùn (Adé jẹun, ó sì sùn).

Síso ọ̀rọ̀ orúkọ pọ̀

Àwọn tí a ń lò níhìn-ín ni:
- je: àti
- joq: ọ̀kan nínú wọn tàbí méjèèjì
- ghap: ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà, kì í ṣe àárín. HoD ni ọ̀gá ọkọ̀, taj sì ni ọ̀bẹ. Nítorí náà, HoD taj je ni "ọ̀gá ọkọ̀ àti ọ̀bẹ". Bí a bá yọ je kúrò, HoD taj yóò di "ọ̀bẹ ọ̀gá ọkọ̀", nítorí pé ẹni tí ó ni nǹkan ni ó máa ń ṣáájú nǹkan náà nínú èdè yìí.

Síso gbólóhùn pọ̀

Àárín gbólóhùn méjèèjì ni àwọn wọ̀nyí máa ń wà:
- 'ej: sì
- qoj: ọ̀kan nínú wọn tàbí méjèèjì
- pagh: ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn
- 'ach: ṣùgbọ́n

Lẹ́tà gidi ni àmì ' nínú 'ej àti 'ach. A kò gbọdọ̀ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ tí ń tọ́ka sí olùwà. jISop 'ej jItlhutlh ni "mo ń jẹ, mo sì ń mu". Bí a bá yọ jI- kejì, jISop 'ej tlhutlh yóò di "mo ń jẹ, òun sì ń mu": ẹni tí ń mu ti yí padà.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bí a bá fi je sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, kì í ṣe "àti" mọ́, "pẹ̀lú" ni: jISop je lè túmọ̀ sí "èmi náà ń jẹun". Bẹ́ẹ̀ náà ni pagh jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó túmọ̀ sí "òdo" tàbí "kò sí nǹkan kan", nítorí náà ghap ni ó yẹ fún yíyàn láàárín ọ̀rọ̀ orúkọ méjì.