Mbárí Mbáyọ̀: Ọwọ́ Àgbà Náà Ń Kọ́ṣẹ́

Ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, torí ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ní kí àgbàlagbà kan ya àwòrán adìyẹ lásán, á ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò kàwé débẹ̀." Òmíràn á ní ẹ̀bùn ni, kò sì sí nínú tòun. Àwọn ọmọ wa náà ti gbà pé àfi ẹni tó bá lọ yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Kí ni à ń ṣe lójú ọpọ́n? Kí ọmọ awo tó mọ ẹsẹ Ifá délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa tẹ ìlà. Bí a bá pa ikin mẹ́rìndínlógún, tí ọ̀kan ṣẹ́kù lọ́wọ́, a ó tẹ méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, a ó tẹ ọ̀kan. Ọ̀tún là á kọ́kọ́ tẹ̀, ká tó bọ́ sí òsì, títí á fi pé mẹ́jọ. Ìka tí kò bá dúró dáadáa, odù rẹ̀ á rí jákujàku. Ọwọ́ àwa yìí ti mọ ìlà kí ó tó mọ bírò. Ọpọ́n ńkọ́? Ọpọ́n Ifá kan wà nílùú Ulm ní Jámánì, Àlàdá tó wà ní Benin òde òní ni wọ́n ti gbé e lọ, ó sì ti dé ọ̀hún kí ọdún 1660 tó wọlé. Èèyàn àti ẹranko ni wọ́n fín yí i ká. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò ní sátífíkéètì kankan.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ọ̀rọ̀ Mbari. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí, nítòsí Dùgbẹ̀, tí kò jìnnà sí Òkè-Àdó tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Èdè Ìgbò ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Nígbà tó di 1962, Dúró Ládiípọ̀ ṣí irú rẹ̀ sí Òṣogbo. Àwọn ará Òṣogbo ò mọ ohun tó ń jẹ́ Mbari, ni wọ́n bá yí i sí Yorùbá: ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀. Bó ṣe di Mbárí Mbáyọ̀ nìyẹn. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju púpọ̀ nínú àwòrán tó tibẹ̀ jáde lọ.

Ní 1964, Georgina Beier kó àwọn kan jọ níbẹ̀, ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́. Àwọn wo ló wá? Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó kiri fún ẹni tó ń ta oògùn. Jimoh Buraimoh, iná ló ń tọ́jú fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Nígbà tó yá, ìlẹ̀kẹ̀ bíi irú èyí tí wọ́n ń sín sára adé ọba ló ń lẹ̀ mọ́ àwòrán tirẹ̀. Ayé gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Ẹ tún lọ wo igbó Ọ̀ṣun. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Adébísí Àkànjí tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bíríkìlà ni. Sìmẹ́ǹtì tó fi ń mọlé náà ló fi ń mọ ère òrìṣà. Nígbà tó di 2005, UNESCO ka igbó náà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ n padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pé ẹni ọdún 78. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi tọ́ ọmọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, láfún la fi ń ro ẹ̀kọ rẹ̀, a ó fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, a ó sẹ́ ẹ kó kúnná. Ìyẹ́ adìyẹ la ó máa tì bọ inú rẹ̀, la ó fi máa yàwòrán sójú aṣọ funfun. Bó bá gbẹ, ó di inú aró, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí á fi dúdú bó ṣe wù wá. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní mu aró. Ọ̀pá márùn-ún ni ìró kan, abala méjì tí wọ́n rán pọ̀. Àwòrán rẹ̀ lórúkọ: Olókun wà, Súnbẹ̀bẹ̀ wà, Ìbàdàndùn wà, èyí tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n kọ́ parí ní 1929.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò rí ìlà mọ́. Mo wá wo ilé wa yíká, tọmọ tìyàwó, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè ya Ìbàdàndùn. Kò sì sí nínú ìwé kankan nílé, ọwọ́ wọn nìkan ló wà. Bí mo ṣe gbé àpótí sílẹ̀ níwájú wọn nìyẹn, èmi bàbá onírùngbọ̀n funfun.

Òpó Màpó tí mo kọ́kọ́ yà, wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lo yà yìí o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Má wo ìyẹ́ yẹn. Ibi tó ń lọ ni kí o máa wò." Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti di ọwọ́ mi mú kọ́ mi ní nǹkan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, fóònù mi ń dún, mi ò gbọ́. Ìrora ẹ̀yìn tí mò ń rò fáwọn dókítà, n ò rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí mo dìde.

Wọ́n ti ń bi mi pé èló ni mo máa tà á. Mi ò tà á. Gbogbo nǹkan kọ́ ni ọjà, ṣebí ẹni tó ń jó níbi ìbọ kò pọn dandan kó gbowó.

Àwọn ọmọ ti ń yọjú báyìí. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, lẹ́yìn ìbọ, wọ́n á jókòó pẹ̀lú wa ní àgbàlá. Àwọn kan ń fi èédú yàwòrán sára páálí. Àwọn kan ń sín ìdè ọwọ́ wọn tó já, torí ike ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà. Ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́sàn-án kan ya Olókun ní ìgun mẹ́rin tó gún ju tèmi lọ, mo sì ń jowú rẹ̀ díẹ̀.

Abala kan ti gbẹ nínú aṣọ mi, ó ku èkejì. Láfún wà nílẹ̀, ìyẹ́ wà. Aláró la ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ aró inú agolo, elu ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ṣì ní ìkòkò aró elu n'Íbàdàn, kó jọ̀ọ́ kó tètè jẹ́ ká gbọ́, kí wọ́n lè rí i kí ojú wọn tó wọ̀.