Bí ọjà bá ṣe oníbàárà níbi, ta ni yóò san owó náà?

Ká sọ pé obìnrin kan ní Ṣakétẹ́ ń fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ìgò fún títà. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, omi náà dùn, àwọn onísọ̀ ní Àjàṣẹ́ sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé kan tó ń ṣe ìsìnkú ra 100 ìgò ní ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn àlejò, 20 nínú wọn sì dé ilé ìwòsàn. Bí ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 30.000 fráǹkì, gbogbo rẹ̀ di 600.000 fráǹkì, láì tíì ka ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù. Obìnrin náà kò ní iye yẹn nílé. Ohun tó ní kò ju ẹ̀rọ kan, ìgò òfìfo díẹ̀, àti gbèsè ẹgbẹ́ tí kò tíì san tán.

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe òróró ẹ̀pà, gààrí, wàgáṣì, ọṣẹ tàbí ìpara mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí òun. Níbi púpọ̀, àwọn àgbà ìdílé ni yóò kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ dára, ó sì ti paná ìjà púpọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ta oògùn kì í gba ẹ̀bẹ̀ dípò owó.

Òfin náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé òfin aráàlú tí Bẹ̀nẹ̀ jogún lọ́wọ́ Faransé, ẹsẹ 1382 sọ pé ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá pa ẹlòmíràn lára gbọ́dọ̀ san ohun tó bàjẹ́. Ẹsẹ 1645 tún le sí i: òǹtajà tó mọ̀ pé àbùkù wà lára ọjà, tó sì dákẹ́, yóò dá owó ọjà padà, yóò sì tún san gbogbo òfò tí ó ti ibẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin mìíràn, òfin 2007-21, láti dáàbò bo àwọn oníbàárà.

Àwọn kan yóò sọ pé: «Onísọ̀ ni mo tà á fún, n kò mọ ẹni tó mu ún.» Irú àwíjàre yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí, ní ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1928, ní ìlú Paisley ní Skọ́tíláǹdì, ọ̀rẹ́ May Donoghue ra ìgò ohun mímu kan fún un. Ìgò náà dúdú, a kò lè rí inú rẹ̀. Donoghue ti mu díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó da ìyókù, ó sì ní ìgbín jíjẹrà ló jáde. (Ìgbín tí a sè dáadáa kò ní ṣẹ̀rù ba ará Kétu, ṣùgbọ́n ti inú ìgò yàtọ̀.) Kì í ṣe òun ló san owó ìgò náà, kò sì bá ẹni tó ṣe é dá òwò kankan pọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1932, mẹ́ta nínú adájọ́ márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ẹni tó ń ṣe ọjà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tí yóò lò ó níkẹyìn. Àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlànà yìí títí di òní. Ó kan ará Kétu tó ń gbé ọjà lọ sí Ìmẹ̀kọ pẹ̀lú.

Nítorí irú ẹrù yìí ni wọ́n fi ṣe asuráńsì kan tí àwọn Faransé ń pè ní «responsabilité civile après livraison». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni asuráńsì lórí ewu tí ọjà lè dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Asuráńsì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, torí pé òfin fi dandan lé e. Èyí kì í sábà jẹ́ dandan fún oníṣòwò kékeré, ìdí nìyẹn tí kò fi gbajúmọ̀. Oníṣòwò ń san owó díẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ọjà rẹ̀ bá pa ènìyàn lára, ilé iṣẹ́ asuráńsì ni yóò san owó fún ẹni náà, títí dé iye tí ìwé àdéhùn sọ. Apá kékeré kan nínú owó náà sábà máa ń wà lọ́rùn oníṣòwò fúnra rẹ̀.

Kò bo ohun gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í san owó ọjà tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Kì í sì í gbé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi: ẹni tó da epo tó ti bàjẹ́ mọ́ epo tuntun kò ní rí nǹkan kan gbà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń lo òfin asuráńsì kan náà, òfin CIMA, tí ó ti inú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yaoundé ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992 wá. Ní ọdún 2012, wọ́n fi apá kan kún un fún asuráńsì àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Nínú òfin náà, ààbò kì í bẹ̀rẹ̀ kí oníṣòwò tó sanwó. Ìlérí pé «n óò san án lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀» kò wúlò. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà kíákíá. Ìwé àdéhùn ni yóò sọ iye ọjọ́, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ó dín sí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún.

Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé àdéhùn náà. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí i wá ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ tí yóò kà á fún un, ní ìdákẹ́jẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n ti ka ohun tí asuráńsì kò bo. Kí ó sì béèrè bóyá ọjà tí òun bá tà ní òdìkejì ààlà wà nínú rẹ̀. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí ó gba ìwé ẹ̀rí owó tó san.

Nílé, kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan: ọjọ́ tí ó fún omi náà, ibi tí ó ti ra èso, iye ìgò, ẹni tó rà wọ́n. Kí ó kọ ọjọ́ kan náà sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ìgò rẹ̀ ló bàjẹ́, ìwé yẹn ni yóò fi mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni lóòótọ́, àti ibi tí àwọn ìgò ìyókù wà kí ẹlòmíràn tó mu wọ́n.