Fídíò tó dára: fún iṣẹ́ wo?

Ìròyìn bàálù ìṣọ́lùú méjì tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí ní 2025 kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. DA42 ni bàálù náà, iléeṣẹ́ Diamond lórílẹ̀-èdè Austria ló ń ṣe é, owó tí wọ́n sì buwọ́ lù fún méjèèjì lé ní bílíọ̀nù 7 náírà. Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn l'Ókè-Ògùn kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Igbó lọ salalu láti ìsédò Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge títí dé Old Oyo National Park, ẹsẹ̀ àti ọ̀kadà àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn kò sì lè ká a tán. Àríyànjiyàn tó pọ̀ jù lórí rẹ̀ dá lórí owó. Èmi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà tí irú bàálù bẹ́ẹ̀ máa ń gbé, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé bí àwòrán bá ti mọ́ kedere lójú, ó parí.

Fíìmù àti bọ́ọ̀lù tí à ń wò ló fà á tí a fi ń rò bẹ́ẹ̀. Láti 1974 ni ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti ní ìlànà BT.500 fún dídíwọ̀n bí àwòrán tẹlifíṣàn ṣe dára tó. Wọ́n á kó èèyàn 15, ó kéré tán, jọ, wọ́n á fi fídíò hàn wọ́n, kálukú á fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Netflix gbé VMAF tirẹ̀ jáde ní 2016: kọ̀ǹpútà ló ń fojú bu máàkì tí òǹwòran ì bá fún fídíò náà, láti 0 dé 100. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń dáhùn: ṣé ó dùn ún wò?

Ẹni tó ń ṣọ́ ìlú kò wá ohun tó dùn ún wò. Ní 1958, John Johnson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń bá àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ní Fort Belvoir, ní kí àwọn èèyàn máa gba inú ẹ̀rọ ìwòran wo àwòṣe ọmọ ogun àti ọkọ̀ ogun. Ìlà dúdú àti funfun tó tò tẹ̀ léra ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Dúdú kan àti funfun kan ló kà sí ẹyọ kan. Tí ẹ̀rọ bá lè fi ẹyọ 1 péré hàn lórí ìhà tó kúrú jù lára nǹkan náà, òǹwòran á mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Kó tó mọ irú nǹkan tó jẹ́, ó nílò ẹyọ 4. Kó tó mọ̀ ọ́n ní pàtó, ó di 6.4. Ní iye wọ̀nyí pàápàá, ìdajì ìgbà péré ni òǹwòran máa ń gbà á.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé rírí pín sí ìpele. Ẹni tó sọ pé nǹkan kan ń lọ lábẹ́ igi ẹmi yẹn ti rí i. Ẹni tó sọ pé èèyàn ni, kì í ṣe màlúù, rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ pé ọkọ́ ló wà léjìká ọkùnrin yẹn, kì í ṣe ìbọn, òun ló rí ohun tí Àmọ̀tẹ́kùn lè torí ẹ̀ gbéra, tàbí kí wọ́n torí ẹ̀ jókòó. L'Ókè-Ògùn, níbi tí àgbẹ̀, darandaran, ọdẹ àti ọ̀daràn ti ń gba ọ̀nà igbó kan náà, ìpele kẹta yìí ni ẹ̀mí èèyàn so mọ́. (Ọdẹ tó gbé ìbọn tí kì í sì í ṣe ọ̀daràn náà wà níbẹ̀, kò sí kámẹ́rà tó lè yanjú ìyẹn.)

Ìlànà àgbáyé fún kámẹ́rà ìṣọ́, IEC 62676-4 ti 2014, sọ ọ́ di ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ká tó mọ̀ pé èèyàn wà níbì kan, píksẹ́lì 25 gbọ́dọ̀ bọ́ sórí mítà kan. Ká tó lè dá ẹni tí a kò mọ̀ rí mọ̀ láìsí iyèméjì, ó di 250. Píksẹ́lì 1,920 ni fífẹ̀ àwòrán HD. Ẹ fi 250 pín in: ilẹ̀ tí kò fẹ̀ tó mítà 8 ló máa kó. Bí kámẹ́rà yẹn bá kó ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 76, a ó rí i pé èèyàn wà níbẹ̀, ó tán. Bó bá sì sún mọ́ ojú ẹnì kan, ìyókù igbó ti bọ́ mọ́ ọn lójú nìyẹn.

Ìdí rèé tí ITU fi gbé ìlànà mìíràn, P.912, jáde ní 2008. Níbẹ̀, wọn kì í béèrè máàkì. Wọ́n á bi òǹwòran pé kí ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí: ìbọn ni, fóònù ni, àbí tọ́ọ̀ṣì? Iye ìgbà tó bá gbà á ni ìwọ̀n fídíò náà. Fídíò tí òǹwòran fíìmù máa fún ní 2 lè yege níbẹ̀, èyí tó ń dán gbinrin sì lè kùnà. Kí àwọn tó ń ṣètò fídíò ọlọ́pàá àti panápaná ní Amẹ́ríkà tó ra ohunkóhun, wọ́n ń gbé nǹkan márùn-ún yẹ̀ wò: ṣé lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa lò ó àbí wọ́n á padà wò ó, báwo ni ìdánimọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó, báwo ni ohun tí wọ́n ń wá ṣe tóbi tó nínú àwòrán, báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, báwo ni nǹkan ṣe ń rìn tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ìṣọ́ nìkan: Ìsẹ́yìn ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ nínú aṣọ òkè. Nínú fídíò tí ahunṣọ ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló sábà máa ń pín àwọ̀ kan lò, kí dátà lè dínkù. Kò ba fíìmù jẹ́. Òwú pupa tín-ín-rín tó gba àárín ẹtù kọjá ló ń kó bá, àwọ̀ rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. VMAF kò tilẹ̀ ka àwọ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń yẹ̀ wò.

Ká padà sórí bàálù: àwọn ìdánwò ilẹ̀ òkèèrè kò sọ ohun tí ọyẹ́ wa àti èéfín igbó jíjó máa fi ojú kámẹ́rà ṣe. Lérò tèmi, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà tí olùtajà kọ sínú ìwé wálẹ̀ gan-an láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Nítorí náà, kí ìjọba kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òǹwòran lè sọ sílẹ̀. Kí wọ́n fi bàálù náà fò lórí Ìsẹ́yìn nínú ọyẹ́ àti lóru, kí àwọn kan gbé ọkọ́, àwọn kan igi ìdáná, àwọn kan ìbọn, kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn fúnra wọn jókòó ti fídíò náà. Kí àwọn aṣojú Òkè-Ògùn nílé aṣòfin n'Íbàdàn sì béèrè iye ìgbà tí wọ́n gbà á.