Ẹ Bi Aláàbọ̀ Ara Léèrè Kí Ẹ Tó Ràn Án Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ń tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn lè ti ibẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, díspẹ́ńsárì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Mo rò pé mo mọ ìtọ́jú aláìsàn dájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn ni ó fi hàn mí pé ẹ̀kọ́ mi kò tíì parí.

Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 2022, ìjọ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó àwọn aláàbọ̀ ara jọ sí kámpù ọlọ́jọ́ méje, ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi. Afọ́jú wà níbẹ̀, adití wà níbẹ̀, àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti sọ di arọ láti kékeré sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n pè mí láti wá ṣe alábàárìn. Ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n fi sí abẹ́ ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, kí a máa bá wọn jẹun, kí a máa bá wọn ṣeré, kí a sì ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí agbára wọn kò bá ká.

Ní ọjọ́ kìíní, bí mo bá ti rí ẹnikẹ́ni lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ńṣe ni mò ń sáré tì í láìbi í léèrè. Bí mo bá sì fẹ́ mọ ohun tí afọ́jú yóò jẹ, ẹni tí ó mú un wá ni mò ń bi. Ìyá àgbàlagbà kan tí kò ríran rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ojú mi ni kò ríran o, ẹnu mi ń sọ̀rọ̀.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò kọ́gbọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tèmi jẹ́ ẹni ọdún 27, tí ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́ ní òkè àyà. Láti àyà dé ìsàlẹ̀, kì í mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Rọ́bà ni ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà wọ inú àpò. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní orí ń fọ́ òun bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn sì bo iwájú àti ọrùn rẹ̀. Mo fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, mo ní, “Ibà ni. Jẹ́ kí a tẹ́ ọ sílẹ̀, kí n fún ọ ní oògùn.”

Ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ́ mi sílẹ̀. Ó lè pa mí. Ẹ bá mi wo rọ́bà mi.”

Inú bí mi díẹ̀, èmi tí mo kàwé. Mo ti nawọ́ láti gbé e nígbà tí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, tí ohùn rẹ̀ sì le. Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Itan rẹ̀ ti tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, ó ti ká, ìtọ̀ kò sì sàn mọ́. Bí mo ti tọ́ ọ, ìtọ̀ tú jáde. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti ru dé 190. Kò pẹ́ tí ó fi ń walẹ̀, orí fífọ́ náà sì fi í sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni ó ń gbọ̀n, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn bá ti ṣẹ́ ní àárín àyà tàbí lókè ibẹ̀, tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ sì kún jù, ara ìsàlẹ̀ yóò máa ké, ṣùgbọ́n igbe náà kò lè dé ọpọlọ, nítorí pé ọ̀nà ti já. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ru lójijì. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò túbọ̀ ru. Bí a kò bá tètè ṣe nǹkan, iṣan lè bẹ́ nínú ọpọlọ, kí ó sì já sí ikú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, tí òógùn sì bo ojú rẹ̀, ẹ ṣe báyìí. Èkíní, ẹ gbé e jókòó ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Èkejì, ẹ tú ìgbànú, aṣọ àti bàtà tí ó bá fún un. Ẹ̀kẹta, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ká tàbí ó dí. Bí kò bá ní rọ́bà, ẹ bi í ìgbà tí ó tọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ̀kẹrin, ẹ bi í bóyá ó ti pẹ́ tí ó yàgbẹ́, kí ẹ sì wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀ kíákíá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìjókòó, ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ rí. Kí egbò má baà dá sí i lára, bí ó bá wà lórí ibùsùn, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì.

Kámpù irú èyí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ọdún 1951 ni wọ́n dá Camp Jened sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Judith Heumann, tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú láti kékeré, lọ síbẹ̀ ní ọmọdé, ó sì padà di alábàárìn níbẹ̀. Ní ọdún 1977, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní San Francisco fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí ìjọba fi fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń bèèrè fún. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, oṣù January ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yan aláàbọ̀ ara jẹ. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Inú ilé wa ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí fetí sí wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ó bọ́ síwájú, kí ó kọ́ gbogbo àwa alábàárìn ní ohun tí ó mọ̀ nípa ara rẹ̀. Mo mú ìwé àti kálàmù, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Àwọn baba wa sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ó dìgbà kan ná o.