Lathe Irin Tàbí Lathe Igi: Èwo Ni Ká Fi Ṣe Bírò?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nínú ìwé ẹ̀yáwó tó wà níwájú wa lóṣù yìí, ó ju ẹyọ kan lọ tó dárúkọ ẹ̀rọ lathe. Àwọn káfíńtà wa fẹ́ máa fi igi ṣe bírò tí àwọn ilé-iṣẹ́ Sàǹgó àti Àgbárá lè fi ta oníbàárà wọn lọ́rẹ. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tí a rà kò bá bá iṣẹ́ mu, àwọn onídùúró ni yóò máa san owó náà.

(Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójú ọ̀nà pé orúkọ ènìyàn ni bírò: László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1938.)

Lójú, ẹ̀rọ méjèèjì jọra. Mọ́tò ń yí igi tàbí irin, ohun mímú sì ń gbẹ́ ẹ. Ti irin, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló di ohun mímú náà mú gírígírí, ẹ óò kàn máa yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti igi, ọwọ́ yín ló di ṣísẹ̀lì mú, ẹ gbé e lé irin tó wà níwájú. Ọ̀tà mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ìlú agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wá.

Ẹ wo iṣẹ́ bírò. A óò lu ihò sáàárín igi, a óò fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀pá idẹ oníhò mọ́ inú rẹ̀. Ti bírò tẹ́ẹ́rẹ́ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 7. Ibi ihò lílu yìí gan-an ni igi ti ń là, torí náà ẹ má kánjú, ẹ máa yọ ìlu jáde kó tutù. Lẹ́yìn náà la óò gbẹ́ ẹ, ká fi sánpépà ha á, ká kùn ún, ká tó tẹ irin orí àti ti ìdí wọlé. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ eré, bí ìyípo 2000 sí 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ lathe irin tòkunbọ̀ ò lè sá tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé eruku igi ń fa epo orí irin gbẹ, ó ń fa omi mọ́ra, ìpatà á sì dé.

Ní tiwa, ẹni tó fẹ́ ṣe bírò igi nìkan, lathe igi ni kó rà. Owó rẹ̀ kéré. Ẹni tó ti ní lathe irin kò nílò òmíràn: kó bo ara ẹ̀rọ, kó gbá a mọ́, kó tún fi epo pa á. Ti irin ló dára fún ẹni tó fẹ́ fi ike ṣe bírò, tó sì fẹ́ gé ojú ìdè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun náà ló lè gba iṣẹ́ ṣáàfù àti búùṣì ẹ̀rọ gàrí, kí bírò tó tà.

Ẹ bo imú, pàápàá bó bá jẹ́ ìrókò, eruku rẹ̀ ń yún ara. Ẹ má wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gbọọrọ nídìí rẹ̀ o.

Kí ìwé ẹ̀yáwó yín tó wọlé, ẹ so iye owó ẹ̀rọ àti irú iná tí mọ́tò rẹ̀ ń lò mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ lathe irin ńlá ló ń fẹ́ three-phase, iná tó wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.